Òrùka Tó Di Ìgbọ̀nwọ́ Kámẹ́rà Mú

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí nílẹ̀ nínú ilé tí mo bá wà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn báyìí, àyà mi á ti gbóná. Ilé ọmọ mi, Délé, ni mò ń gbé, nínú ẹ́sítéètì kan ní Ìṣẹrì Olówóòrà, níbi tí wọ́n ti ń fi iná gbálẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í wo ohun tó wà nílẹ̀ kó tó kó o dànù. Ẹ̀rọ yìí ló gbé òrùka kámẹ́rà bàbá mi tó bọ́ sílẹ̀ mì. Kí n tó jí lójú oorun ọ̀sán, ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ti da inú ẹ̀rọ náà sínú àpò, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ti gbé e lọ. Mi ò bá ọmọ náà jà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya àwòrán ò lè mọ irú òrùka tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn ní ihò kan lẹ́yìn, ibẹ̀ ni ayàwòrán ń fi ojú lé kó lè rí ohun tó fẹ́ yà. Bàbá mi ní ohun èlò kékeré kan tí wọ́n máa ń so mọ́ ihò yìí. Ó tẹ̀ bí apá tí èèyàn ká, ìyẹn la ṣe ń pè é ní ìgbọ̀nwọ́. Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀, wọ́n á máa wo inú ìgbọ̀nwọ́ láti òkè, bí ẹni yọjú wo kànga, wọ́n á sì rí ohun tó wà níwájú kámẹ́rà kedere. Òrùka dúdú kan báyìí, tó lè wọ ọmọńdinrín ọwọ́ mi, tó ní eyín méjì, òun ló di ìgbọ̀nwọ́ mú mọ́ ihò náà. Bí kò bá sí òrùka, ìgbọ̀nwọ́ á kàn já bọ́ ni.

Kétu ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, ní òpópónà kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Ìkòsì. Fótò ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, títí kan àwọn olùkọ́ wa, tí wọ́n ń pe èmi náà ní Ọmọ Fótò bí ẹni pé mi ò ní orúkọ. Àwòrán ìjókòó ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ bàbá mi. Nígbà náà, bí ọmọ bá ti lè dá jókòó láìṣubú, ìyá rẹ̀ á wẹ̀ ẹ́, á da pàúdà sí i lọ́rùn títí á fi funfun, á gbé e wá. Ọmọ á jókòó sórí ẹní lóun nìkan, kò ní sí ọwọ́ àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán yìí ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé, ní Ìjẹ̀bú tàbí Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ ti balẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ya ọmọ tó jókòó bó ṣe yẹ, kámẹ́rà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọmọ náà dọ́gba nílẹ̀. Ìbàdí ń dun bàbá mi láti ìgbà tí wọ́n ti jábọ́ lórí àkàbà. Ìgbọ̀nwọ́ yẹn ló ń bá wọn bẹ̀rẹ̀.

Nítorí irú nǹkan kéékèèké báyìí, òfin kan wà nílé iṣẹ́ wa. A kì í da pàǹtí ṣọ́ọ̀bù nù láìjọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, màmá mi á mú ajọ̀ gàrí tó ti gbó, wọ́n á bu pàǹtí ọ̀sẹ̀ náà sínú rẹ̀, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n lórí ìwé ìròyìn. Ohun tí ilẹ̀ ń pa mọ́ pọ̀. A rí bọ́tìnnì, a rí yẹtí ìyàwó tuntun, a tiẹ̀ rí eyín ọmọ kan tó yọ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín fún kámẹ́rà. Inú agolo mílíìkì ni bàbá mi ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Bí nǹkan kan bá já lára kámẹ́rà, wọ́n á tú agolo náà wò, wọ́n á rí ohun tó fara jọ ọ́, wọ́n á máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí á fi wọlé. Òrùka ìgbọ̀nwọ́ nìkan ni kò ní èkejì nínú agolo. Àwọn tó ṣe é ti rí i dájú pé tiwọn nìkan ló máa wọ ibẹ̀.

Bí nǹkan bá já bọ́ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, bàbá mi á kàn sọ pé, "Ẹsẹ̀ o." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, oníbàárà ni o, àlejò ni o, á dúró síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà títí a ó fi rí i. Mo rántí ìyàwó pásítọ̀ kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke, tí kò sì ráhùn.

Obìnrin kan wá láti Agboyi lọ́jọ́ kan. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló gbé òun àti ọmọ rẹ̀ jáde. Kó tó wọlé, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí màmá mi létí ilẹ̀kùn pé, "Ìyá Fótò, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà á dáadáa. Àwọn méjì tó ṣíwájú ò dé ìjókòó." Bàbá mi gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń so ìgbọ̀nwọ́ mọ́ kámẹ́rà, òrùka bọ́. "Ẹsẹ̀ o." A wá a títí. Màmá mi fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n tún un jọ̀. Oòrùn ń lọ, òógùn bo bàbá mi, wọn ò sì jẹ́ fẹnu ara wọn sọ fún obìnrin náà pé kó padà wá lọ́la. Èmi ni mo rí i pé ọmọ tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí ẹní ń jẹ nǹkan. Màmá mi ki ìka sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, òrùka jáde, ó ń dán pẹ̀lú itọ́. Àwa ń jọ ilẹ̀, ẹni tó ń jẹ òrùka jókòó, ó ń wò wá. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bàbá mi sì ya àwòrán náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kámẹ́rà yẹn ló ya gbogbo ọmọ ìdílé wa ní ìjókòó. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, èmi ni mo fi ya Délé àti àwọn àbúrò rẹ̀, gbogbo wa la wà lára ògiri pálọ̀ báyìí. Ó ku Tèmiladé, ọmọ Délé. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dá jókòó gan-an ni ẹ̀rọ gbálẹ̀gbálẹ̀ gbé òrùka mì. Fíìmù wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó ń fọ àwòrán ṣì wà ní Yábàá. Ìbàdí mi ló ti di ti bàbá mi, mi ò lè dojú bolẹ̀ mọ́. Mo gé rọ́bà sílípáàsì, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ìgbọ̀nwọ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì já bọ́.

Délé mú mi lọ sí Ìkẹjà, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kámẹ́rà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yí ìgbọ̀nwọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Mummy, this one don die. Wọn ò ṣe é mọ́. Ẹ gbé e sí parlour, ẹ fi ṣe decoration." Ohun tó ń ṣiṣẹ́, tí ojú ẹ̀ mọ́ gara, ló ní kí n fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Délé kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é lókè òkun. Wọ́n fi ọ̀yàyà dáhùn pé àwọn ti ṣíwọ́ ṣíṣe é, pé àwọn dúpẹ́ pé a fẹ́ràn àwọn, kí a wá wo kámẹ́rà tuntun. Délé tún bá wa ra òrùka mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A retí ẹ̀ títí. Nígbà tó dé, eyín rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò wọlé, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì.

Inú bí mi, mi ò sì fi pa mọ́. Àwọn tó ṣe ohun tó lè sìn mí títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ mi ni wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ lé òrùka kan lọ́wọ́, tí wọ́n wá kọ̀, wọn ò ṣe òrùka náà mọ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Wọ́n rò pé ẹni tí ohun kékeré sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ìbànújẹ́ kékeré ló ní. Ìyàwó Délé, ọmọ dáadáa ni, ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká fi phone snap ẹ̀ jàre." Mo ní kó fi ọ̀kan hàn mí nínú àwọn èyí tó yà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wá a títí tíì inú ife wa fi tutù níwájú wa.

Tèmiladé ò dúró dè wá. Ó ti ń gbé ara sókè, ó ń fi ọwọ́ tẹlẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan, Délé ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá mi pẹ̀lú kámẹ́rà lórí itan, omi lójú mi. Kò sọ pé kí n gba kámú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní, "Ẹ ní kí n ṣe é báwo?" Mo ní kó dojú bolẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí táìsì pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì àti ikùn ọ́fíìsì, ó fi ojú lé ihò kámẹ́rà tí kò ní ìgbọ̀nwọ́. Mo sọ fún un bí bàbá mi ti sọ fún mi, pé kó dá èémí dúró. Tèmiladé jókòó, ó wò ó. Kò tíì rí bàbá rẹ̀ lórí ilẹ̀ rí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ṣubú síwájú sórí ọwọ́ méjèèjì, ó rá kòrò tọ̀ ọ́ lọ, ìgbà yẹn ni Délé tẹ kámẹ́rà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rí i mú jókòó.

Mo gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri. Nǹkan púpọ̀ ti yí padà ní Kétu àti níbi gbogbo, ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn báyìí ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó ń sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dúró. Ọmọ ṣì ń rẹ́rìn-ín bó bá rí àgbà nílẹ̀, ìyẹn ò tíì yí. Délé ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òrùka lọ, mo ní mi ò jẹ́ kó lọ. Àwọn tó wá kí wa máa ń wo ògiri, wọ́n á béèrè ìdí tí gbogbo wa fi jókòó tó fi jẹ́ Tèmiladé nìkan ló ń rá kòrò. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó jókòó. Kó tó máa rá kòrò, ó jókòó dáadáa lójoojúmọ́, níwájú mi níbí, mi ò kàn ní ohun tí mo lè fi wò ó ni.