Ọkọ̀ Tí Ìyá Àgbà Kò Jẹ́ Kí Àwọn Onírin Gbé Lọ

"Dákẹ́, kí n gbọ́ ohun tó fẹ́ wí," ni Ìyá Àgbà sọ fún mi, wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ díẹ̀. Iná kékeré aláwọ̀ ọsàn kan tàn níwájú wọn. À ń retí kó kú. Ọyẹ́ ọjọ́ náà mú, eruku ti bo gíláàsì iwájú bí ìyẹ̀fun èlùbọ́, mo sì fi etí ìborùn mi bo imú. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kì í fẹ́ ìkánjú láàárọ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ gbóná, bátìrì ni yóò pa lásán. Nígbà tí iná náà kú, Ìyá Àgbà ní, "Bísímílà," wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́ náà dópin.

Gìrì, gìrì, gìrì. Ọkọ̀ náà mì tìtì, ó wúkọ́, èéfín funfun díẹ̀ yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ó tún dákẹ́. Ìyá Àgbà na sítíárì lábàrá. "Ìwọ náà? Ìwọ náà ti lọ bá wọn pàdí àpò pọ̀?" Àwọn ará ilé wa tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà ni wọ́n ń bá wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn nítòsí.

Igbó-Ọrà ni à ń gbé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ìyá àgbàlagbà mìíràn tó ń wakọ̀ ládùúgbò wa. "Ìyá Ọlọ́kọ̀" ni gbogbo èèyàn ń pe Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi. Àwọn kan fi ń pọ́n wọn lé, àwọn kan fi ń bú wọn, Ìyá Àgbà sì ń dá àwọn méjèèjì lóhùn bákan náà. Epo pupa ni wọ́n ń tà. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ń lọ kó o láwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ìdèrè, òun náà ló sì ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń gbé ìyá ìbejì lọ gba abẹ́rẹ́ ọmọ, òun ló ń gbé ẹ̀gẹ́ àti iṣu bọ̀ láti Lánlátẹ̀. Òórùn epo, òórùn dísẹ́ẹ̀lì àti òórùn òógùn gbogbo ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ rí ló wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì gbóòórùn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Bàbá Àgbà ló ni ọkọ̀ náà. Ìgbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, tí wọn ò rí ọ̀nà dáadáa mọ́, wọ́n gbé ìyàwó wọn jókòó sídìí sítíárì. Àwọn ẹbí pariwo, Bàbá Àgbà ò dá ẹnì kankan lóhùn. Ìyá Àgbà ń wakọ̀, Bàbá Àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n dẹ etí sílẹ̀, wọ́n á ní, "Yí jíà, ó ti ń sunkún." Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà ṣe kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá Àgbà kú, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń ṣètọ́jú rẹ̀. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bomi sí rédíétọ̀, wọ́n á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, wọ́n á nù ún sí àkísà, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n á wá gbé e sókè síhà oòrùn bí ẹni tó ń wo abẹ́rẹ́ bóyá òwú ti wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé fílítà, ibi tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń sẹ́, díẹ̀, kí omi tó bá bá dísẹ́ẹ̀lì wọlé lè kán jáde. "Ọkọ̀ kì í ṣàìsàn lójijì," ni wọ́n máa ń wí. "Ó máa ń ráhùn kó tó dùbúlẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ló ń ní ó ya òun lẹ́nu."

Ṣùgbọ́n lọ́dún ọyẹ́ yẹn, ọkọ̀ ń ráhùn, a ò mọ ohun tó ń wí. Láàárọ̀, kò ní jí. Tó bá di ọ̀sán tí oòrùn ti mú, yóò jí, yóò máa rìn bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá, ọ̀sán pàápàá, kò jí mọ́. Mẹkáníìkì tó ń bá wa tún un ṣe wá, ó tẹ́tí, ó fọwọ́ kàn án níbí, ó fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún, ó mi orí.

"Ìyá, pọ́ńpù tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní dísẹ́ẹ̀lì ti jẹ. Mi ò sì mọ ibi tí èèyàn ti lè rí irú ẹ̀ mọ́. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú."

"Ta ló bá ọ sin ín?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́, ó lọ. Mi ò bínú sí i. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó bá ń sá fún òtútù, pọ́ńpù tó ti jẹ wà lára ohun tó lè fà á, ẹnikẹ́ni tó gbọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Ìbàdàn. Ohun tí àwa ọmọdé ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn, torí Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Àwọn ni àkọ́bí Ìyá Àgbà, àwọn ni Dáwódù ilé wa, ohun tí Bàbá Àgbà fi sílẹ̀, ìkáwọ́ wọn ló wà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ìyá wọn fa ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí. Wọ́n pè lórí fóònù, Ìyá Àgbà gbé e jìnnà sí etí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, gbogbo agbolé sì ń gbọ́.

"Ìyá, kí lẹ tún ń wá nídìí sítíárì lọ́jọ́ orí yín? Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà máa gbé yín. Ọkọ̀ bàbá wa ni, mo ti ní kí wọ́n tà á."

"Ọkọ̀ bàbá yín ni lóòótọ́," ni Ìyá Àgbà fèsì. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ni. Ẹni tó bá gbé e lọ, kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ lòun gé."

Bàbá Ìbàdàn wá ní àwọn tó ń ra irin àlòkù ń bá àwọn bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Tí ọkọ̀ náà bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lágbolé, àwọn ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Tí kò bá lè jáde, àwọn onírin yóò gbé e. Ìyá Àgbà ní, "Mo gbọ́," wọ́n pa fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ẹ̀rù lójú wọn nìyẹn, ó sì bí mi nínú sí gbogbo àgbà ilé wa.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Àgbà ò kó epo lọ tà. Wọ́n dán kọ́kọ́rọ́ wò bí mo ṣe sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn, ọkọ̀ kọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n so ìró mọ́ àyà, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé àpótí sípánà Bàbá Àgbà jáde. "Wọn ò ní sin ín láìjẹ́ kí n rí ohun tó pa á," ni wọ́n ń wí fún ara wọn.

Ilé fílítà ni wọ́n kọ́kọ́ tú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì. Nǹkan kan ló dì pọ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó lẹ̀ mọ́ fílítà pinpin. Ìyá Àgbà fi ìka yọ díẹ̀, wọ́n fi ra àtàǹpàkò, wọ́n gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Epo pupa! Epo pupa tèmi gan-an!"

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ṣáájú ọyẹ́, dísẹ́ẹ̀lì wọ́n nílùú. Ìyá Àgbà rí èyí tí wọ́n rà ní Èrúwà, wọ́n sì rọ ọ́ pa mọ́ sínú àwọn kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń kó epo. Ẹni tó bá mọ ilé elépo á mọ̀ pé a kì í fi omi fọ kẹ́ẹ̀gì epo, torí pé omi tó bá kù sínú rẹ̀ á ba èyí tí a máa rọ lé e jẹ́. Ńṣe là ń dorí rẹ̀ kodò kó ro, tó bá sì ro tán, ó ti mọ́ lójú wa. Èyí tó ṣẹ́kù lára kẹ́ẹ̀gì ló bá dísẹ́ẹ̀lì lọ sínú ọkọ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, á yọ́. Nígbà tí òtútù bá dé, á dì gbagidi, ọkọ̀ ò ní rí nǹkan mu. Ó ti ń dì láàárọ̀ Sátidé kó tó lè kán jáde, nígbà tó sì pọ̀ mọ́ fílítà, oòrùn ọ̀sán pàápàá ò yọ́ ọ tán mọ́.

"Ìyá Àgbà, ta ló wá ṣe é?" ni mo bi wọ́n.

"Èmi ni." Wọn ò rẹ ohùn wọn sílẹ̀ rárá. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pọ́ńpù ni, mi ò ní agbára ẹ̀. Ṣùgbọ́n epo? Epo ò tó ẹni tó ń bá mi jà."

Wọ́n dáná, wọ́n gbé omi kaná. Wọ́n ro ìsàlẹ̀ táńkì sínú baṣíà, wọ́n fọ fílítà, wọ́n ń da omi gbígbóná sára rọ́bà tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà kọjá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń jo ìwọ́ ọmọ tuntun. Ẹlẹ́rọ ìlọta tó wà lẹ́yìnkùlé wa yá wọn ní dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da fílítà padà ni mo gbọ́ ohùn ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn onírin ti dé. Wọ́n fi ìdí ọkọ̀ wọn dí ẹnu agbolé, Bàbá Ìbàdàn sì sọ̀ kalẹ̀ nínú agbádá funfun.

"Ìyá, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Wọ́n á ní Ìyá Ọlọ́kọ̀ ń tún ọkọ̀ ẹ̀ ṣe. Ṣé irọ́ ni?"

"Mẹkáníìkì ti ní pọ́ńpù ló bà jẹ́."

"Pọ́ńpù ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo bà á jẹ́. Inú kẹ́ẹ̀gì epo ni mo rọ dísẹ́ẹ̀lì sí. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo yín. Ṣé ẹnì kan fẹ́ nà mí ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn onírin náà, géńdé kan báyìí, bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà yíjú sí i. "Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ọwọ́ rẹ le ju tèmi lọ. Wá bá mi tẹ pọ́ńpù ọwọ́ yìí, kó fa dísẹ́ẹ̀lì wá." Ọkùnrin náà wojú ọ̀gá rẹ̀, ó wojú Bàbá Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé, tí ìyá àgbàlagbà bá rán an níṣẹ́, kí ló fẹ́ wí? Ó ká apá ẹ̀wù, ó wá.

Ó ń tẹ̀ ẹ́, Ìyá Àgbà sì tú nọ́ọ̀tì kan díẹ̀ lórí ilé fílítà kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde, torí pé dísẹ́ẹ̀lì tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀ kì í gbé ẹ́ńjìnnì jí. Ìfófòó ló kọ́kọ́ ń yọ. "Tẹ̀ ẹ́." Ìfófòó ṣì ń yọ. "Ṣé o ò tíì jẹun ni? Tẹ̀ ẹ́!" Òógùn bọ́ lójú géńdé. Nígbà tó yá, ohun tó ń yọ mọ́ gaara, kò hó mọ́. Ìyá Àgbà dè é pa, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n wọlé sínú ọkọ̀. Àwọn onírin rọ̀gbà yí ọkọ̀ ká. Bàbá Ìbàdàn pàápàá ti sún mọ́ ọn.

Iná kékeré tàn. Iná kú. "Bísímílà."

Ó wúkọ́, ó mì, ó tún wúkọ́, ó wá bú jáde. Èéfín bo gbogbo agbolé, ó bo àwọn onírin, ó bo agbádá funfun. Òórùn epo pupa tó ń jóná gba àdúgbò kan, débi pé ọmọ kékeré kan ké láti òdìkejì ògiri pé, "Ta ló ń dín àkàrà?" Mo ń fò sókè, mo ń sunkún. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n fọn fèrè ọkọ̀.

"Ẹ bì sẹ́yìn. Ọkọ̀ yín dí mi lọ́nà."

Ọkọ̀ akẹ́rù náà bì sẹ́yìn. Mo sáré wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wa, Ìyá Àgbà sì wà á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró, wọ́n yọjú. "Dáwódù, ṣé o ń bọ̀ àbí o ń dúró?" Bàbá Ìbàdàn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí, wọ́n wọlé tì mí. Ọ̀nà Ìdèrè la wà nígbà tí Bàbá Ìbàdàn sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé ọkọ̀ ti gbé yín wọ igbó."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Àgbà wí, ohùn wọn rọ̀. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mi ò kàn ní torí ìyẹn gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹ̀rù ni."

Ìyá Àgbà ṣì wa ọkọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ òjò kan, wọ́n dé láti oko, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n jókòó sínú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá ní ojú àwọn ò rí etí ọ̀nà dáadáa mọ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló wá ẹni tó rà á, ará Lánlátẹ̀ kan tó fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ ẹ̀gẹ́, wọ́n sì rí i dájú pé ó jí lójú ọkùnrin náà kí wọ́n tó jẹ́ kó gbé e.

Oko adìẹ ni mò ń ṣe báyìí. Àwọn èèyàn ti wá bá mi, tìfẹ́tìfẹ́ ni o, pé kí n pa á tì, pé obìnrin kì í dá irú ẹ̀ ṣe, pé ó ti tán. Mi ò bá wọn jà. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó ná, kí n kọ́kọ́ tú u wò. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, mo máa ń sọ ọ́ sókè, ojú kì í tì mí, torí pé ibi tí ọwọ́ mi bá bà jẹ́, ọwọ́ mi mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó sì lè tán lóòótọ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹnu tèmi ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ.