Ọ̀rá Nínú Ẹ̀dọ̀ Ẹni Tí Kò Mu Ọtí Rí

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Òrò. Mo forí kanlẹ̀ nínú ìrun ọ̀sán, ni abẹ́ ìhà mi ọ̀tún bá wúwo bí ẹni pé wọ́n ki nǹkan bọ̀ ọ́. Kò dunni jù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Mo jókòó, ó wà níbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ó sì ń rẹ̀ mí láìṣiṣẹ́.

Ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n wá àgbo kíkorò mu. Mo ní ilé ìwòsàn ni n ó lọ.

Ní Ọ̀mù-Àrán, níbi tí a ti ń dúró de dókítà, mo ń dìde, mo ń jókòó, títí obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, òòyì ti ń kọ́ mi.”

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ikùn mi. Dókítà ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ mi. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ lè wú, kí ó dá àpá bí awọ tí iná jó. Àpá yẹn ló ń sọ ẹ̀dọ̀ di líle tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wá bi mí bóyá mo ń mu ọtí.

“Ọtí kẹ̀?” ni ọkọ mi dáhùn. “Àlàájà ni ìyàwó mi!”

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyàwó wa, ibo lo ń kó ìgò náà pa mọ́ sí?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n tún èrò yìí ṣe: ọtí nìkan kọ́ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ràfíù, ọmọ mi tó wà ní Èkó, pè mí. “Mọ́mì, oògùn tuntun ti wà lókè òkun o. N ó ní kí wọ́n rà á wá.” Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní òótọ́ ni: èròjà oògùn kan wà tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ jó ọ̀rá inú rẹ̀; òmíràn jẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ tó ń dín ebi àti ìsanra kù. Wọ́n ṣì ń dán àwọn mìíràn wò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ń dá àpá ni wọ́n sábà máa ń fún, oníṣègùn ló sì gbọ́dọ̀ fúnni. Ó ní kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá tèmi ti ní àpá.

Wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn wọn líle ẹ̀dọ̀ mi ní Ìlọrin. Kí èsì tó dé, mo gbá àgbàlá tí mo ti gbá, mo sì gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo bẹ Ọlọ́run.

Kò sí àpá. Dókítà ní n kò nílò oògùn yẹn. Kí n máa rìn, kí n dín ìsanra kù, kí n yàgò fún nǹkan dídùn. Ó bi mí ohun tí mo ń mu. Mo ní mọ́ọ̀tì ni, ohun mímu tí kò ní ọtí nínú, ṣùgbọ́n tí ṣúgà kún inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa mọ̀ ọ́n: ọmọ ilé wa kan kì í ti Èkó wálé ìnáwó kí ó wá kí tíṣà rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mọ̀ pé n kì í mu ọtí, mọ́ọ̀tì ni wọ́n sì ń gbé wá ní páálí páálí. Abẹ́ ibùsùn mi kún. Bí mo ṣe ń fi ọpẹ́ mu ún ni ọ̀rá ń jókòó sí mi lẹ́dọ̀.

Mo jáwọ́. Mo ń rìn láàárọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán, ọ̀rá náà ti dínkù púpọ̀. Ìwúwo náà ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi ṣì ń wá ibẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn Iléyá, ọmọ tí mo kọ́ rí kan gbé páálí mọ́ọ̀tì wọlé. Mo ní kí ó dá a padà sínú ọkọ̀.

“Tíṣà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

“O ò ṣẹ̀ mí. Wá bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa.”

Lójú ọ̀nà, òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ. Mo dúró dè é, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi tó tètè ké sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí ìhà yín bá wúwo, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, bí ẹ bá sì fẹ́ràn tíṣà yín, ẹ wá bá a rìn.