Jọ́ọ̀gì Fàdákà Kan Tó Kù

Òórùn ẹfun tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá ti ilé ìwé dé. Màmá á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ní Àmùkòkò, á gbé ìkòkò tíì fàdákà sáàárín ẹsẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ fún, á máa fi àkísà síńgílẹ́ẹ̀tì tó rin ẹfun nù ún, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, láìkánjú. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, tírélà ń fọn fèrè lójú títì, kò ní gbójú sókè.

“Má fi yanrìn fọ̀ ọ́ láéláé,” á sọ fún mi. “Yanrìn á jẹ òdòdó ara rẹ̀.”

Màmá kọ́ ló bí mi. Yàrá rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìyá mi máa ń fi mí sí títí tó fi máa ti ọjà dé. Ìyá tó bí Màmá ti ṣe iṣẹ́ ilé fún òyìnbó kan ní Àpápá láyé ọjọ́un. Lára iṣẹ́ ọ̀hún ni kó máa nu ohun èlò tíì fàdákà mẹ́rin kan: ìkòkò tíì, àwo ṣúgà, tíréè, àti jọ́ọ̀gì mílíìkì kékeré. Òdòdó kan náà ni wọ́n fín sí gbogbo wọn lára. Èyí tó wà lẹ́bàá ọwọ́ ìkòkò tíì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Lọ́jọ́ kan, Màmá fi àtàǹpàkò mi lé e.

“Ìka ìyá mi ló jẹ ẹ́,” ló wí. “Ibẹ̀ ló máa ń dì mú.”

Kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀ kankan. Ohun tó rí dì mú nìyẹn. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé, wọ́n lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo, fàdákà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọ́n ká. Látìgbà tí Màmá ti ń dá ṣòwò ló ti ń lọ síbi tí wọ́n bá ti ń lu gbàǹjo ní Àpápá, tó ń wá wọn kiri, tó ń kó wọn jọ padà. Mẹ́ta ti wọlé. Jọ́ọ̀gì nìkan ló kù.

Àwọn ará ilé a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Awakọ̀ tírélà tó ń gbé yàrá iwájú kì í kọjá kó má bi í pé, “Mama, na when we go drink this tea?” Màmá á ní kó lọ ra ṣúgà wá ná.

Ní Sátidé kan, ó mú mi dání lọ sí gbàǹjo ilé kan ní Àpápá. Wọ́n to àga sórí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, wọ́n fi àwọn àwòrán ọkọ̀ ojú omi ti ògiri, gbogbo ẹrù náà ń rùn káńfọ̀. Lórí tábìlì, láàárín àwọn ife dígí, jọ́ọ̀gì náà wà níbẹ̀. Màmá ò fọwọ́ kàn án. Ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú, ó tẹjú mọ́ òdòdó ara rẹ̀.

Òfin gbàǹjo ò le. Ẹni tó fẹ́ ẹrù á na ọwọ́ sókè, kò sì ní gbé e wálẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń bá iye tí wọ́n ń pè lọ. Ẹni tó bá gbọ́wọ́ wálẹ̀ ti yọwọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó kan jọ́ọ̀gì, pé fóònù ọkùnrin kan tó wọ awò ojú dúdú dún nígbà tí wọ́n ń lu àwòrán kan. Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ wálẹ̀, ó gbé fóònù sétí. Ẹni tó ń lu gbàǹjo dúró dè é. Ó tún bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n gbé jọ́ọ̀gì sókè, ọwọ́ mélòó kan nà, wọ́n ń wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku Màmá àti aláwò dúdú. Ọwọ́ aláwò dúdú ti ń rọ. Ìgbà náà ni ohùn kan dún lẹ́yìn wa.

“Ìyàwó wa!”

Ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Màmá ni, bàbá arúgbó kan tó wá wo fìríìjì. Màmá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ ìyàwó ni lójú bàbá yìí, ìyàwó kì í sì í nàró kí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ó yí padà, ó kúnlẹ̀ sórí koríko, ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀.

“O kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, sà. Wọ́n ń kí yín, sà.”

Bàbá ò dúró síbẹ̀. Ó bèèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó tún bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òrùlé ilé wọn ní ìlú wọn. Mo ń fa ìró Màmá. Ẹni tó ń lu gbàǹjo wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo rí i tó wò ó. Lẹ́yìn náà ló wá fi òòlù lu tábìlì, jọ́ọ̀gì di ti aláwò dúdú.

Màmá lọ bá a, ó ní, “Ẹ dákun, àgbà ni mò ń kí.”

“Màmá, ọwọ́ yín ti wálẹ̀. Mo ti lù ú.”

Àṣìṣe ni wọ́n pè é, mi ò gbà. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin náà, ó mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́. Ó ti ń rí Màmá ní gbàǹjo fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì mọ ohun tó ń wá. Ó ní sùúrù fún fóònù, kò ní fún ìkíni. Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò dá sí i. Màmá wá rọ aláwò dúdú, ó rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀, ti ìyá rẹ̀, ti mẹ́ta tó wà nílé. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán pátá. Ó ní kó má bínú, òun fẹ́ máa kó bírò sí i lọ́fíìsì.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, mo ní bàbá yẹn ló fa gbogbo rẹ̀.

“Kí lo fẹ́ kó ṣe? Kó rí mi, kó má kí mi?”

Mo ní ẹni tó lu gbàǹjo ńkọ́? Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Aláwò dúdú ńkọ́? Owó ara rẹ̀ ló ná. Ó wá àwáwí fún gbogbo wọn títí a fi dé Àmùkòkò, kò ṣẹ́ ẹnì kan kù tí mo lè bá a bínú sí. Ó kìlọ̀ fún mi pé bàbá yẹn ò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí ìkíni rẹ̀ fà. Bàbá ò sì gbọ́ títí ó fi kú.

Màmá ò lọ sí gbàǹjo mọ́. Ó ṣì ń nu mẹ́ta tó wà nílé, àmọ́ ó ń jẹ́ kí wọ́n dúdú kó tó gbé àkísà. Nígbà tí òun náà papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ pín ẹrù bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù: ìkòkò tíì lọ sí Ìbàdàn, tíréè bá àbúrò rẹ̀ kan lọ sókè òkun. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi ibi tí àwo ṣúgà wà.

Mo ti lọ yunifásítì, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀sùn kalẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mi ò rí ilé ẹjọ́ tó máa gbọ́ èyí. Àwọn tó mọ Màmá máa ń yìn ín pé kò bínú sẹ́nikẹ́ni rí, wọ́n á ní kí èmi náà kọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kọ́ ọ. Òun ti dárí jì wọ́n, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá dárí jì wọ́n, a jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yẹn lórí koríko. Ó ṣẹlẹ̀. Mo wà níbẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní.