Ẹnu Tí Ń Gbé Ọ̀rọ̀ Dókítà Tọ Nana Lọ

Láyé ìgbà tí Ibùdó Ìwádìí Igbó tó wà lókè Kwaefaso ṣì ń pe ìlú jọ, kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí yóò lọ ní Sátidé tó parí oṣù. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí àwọn obìnrin yóò ti máa to àga sábẹ́ ìrókò iwájú ibùdó náà. Ẹni tó ń ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo kíkan, á ti gúnlẹ̀, ẹni tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ á máa fẹ́ná, àwọn ọmọbìnrin á máa ṣeré, wọ́n á máa fò sókè, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n á tan àwòrán ẹyẹ àti labalábá sí i. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, kì í ṣe labalábá ló ń gbé èrò gòkè. Ẹnu àgbà kan, Opanyin Ntow, ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ.

Àgbẹ̀ kòkó ni Ntow, alàgbà ìjọ Presibitéríà sì ni. A kì í sọ̀rọ̀ sí ọba létí ní tààrà nílẹ̀ Akan, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà lẹ jọ ń sọ. Ẹlòmíràn ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, yóò fi iyọ̀ sí i, yóò fi epo sí i, kó tó gbé e síwájú ọba tí wọ́n ń pè ní Nana. Nígbà tó sì jẹ́ pé Nana fúnra rẹ̀ máa ń wá jókòó lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀ ní Sátidé náà, Dókítà Asabea, olùwádìí ibùdó náà, ọmọbìnrin tó mọ igbó bí ẹni mọ ilé ìyá rẹ̀, ní láti gba ẹnu Ntow kọjá.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà ní àkèré orí odò wa máa ń fi awọ ara mí. Gbólóhùn kan péré ni. Nígbà tí Ntow gbé e dé iwájú Nana, àkèré ti di ìjòyè tó da imú bora bí aṣọ, tí kò jẹ́ jókòó síbi tó dọ̀tí kí imú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ìlú rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìyàwó ilé tó da omi ọṣẹ sódò mọ́. Dókítà, tó ń pè é ní Wòfa bíi pé arákùnrin ìyá rẹ̀ ni, ní, "Wòfa, èmi kọ́ ni mo sọ gbogbo ìyẹn o." Ntow dá a lóhùn pé òun mọ̀, pé ẹran ni Dókítà gbé wá, òun kàn sè é ni.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn lónìí. Gbọ̀ngàn wà, àga oníke wà, àwọn ọmọ ilé-ìwé á jókòó, wọ́n á máa tẹ fóònù. Ọ̀rọ̀ ń dé etí, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbé e délé.

Nígbà tí ẹnu Ntow ṣì ń ṣiṣẹ́ náà, ọdún tí iná jó igbó ni ọ̀rọ̀ yí padà. Kòkó jóná, odò di kòtò tí ewúrẹ́ ń fò kọjá. Ohun tó kù nílé kálukú ni ṣírí àgbàdo irúgbìn tí wọ́n so rọ̀ sókè ààrò. Ìkùukùu wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lọ́sàn-án. Ìlú dàrú. Bí wọ́n bá gbìn tí òjò kò rọ̀, kò sí irúgbìn mọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá fà á tì tí òjò sì rọ̀, àsìkò á kọjá. Ìjọ gbààwẹ̀. Ntow ló gbàdúrà ìparí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi tó fi sọ fún Ọlọ́run, lójú gbogbo èèyàn, pé kí Ó má jẹ́ kí oṣù tó ń bọ̀ tán kó tó rọ̀jò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ti ibùdó. Mansa ìyàwó Ntow bá a ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ sí èjìká. Ó ní, "Bàbá Afriyie, ohun tí ẹ bá gbà lẹ́nu obìnrin yẹn lónìí, ohun tí màá ṣe nìyẹn. Bó bá ní ká gbìn, Mọ́ńdé mo wà lóko."

Lábẹ́ ìrókò, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹyẹ. Nana ní kí wọ́n bi Dókítà bóyá kí ìlú gbìn. Dókítà kọjú sí Ntow, ó ní:

"Wòfa, ẹ bá mi sọ fún Nana pé mi ò mọ̀. Ìkùukùu yìí ti ń kọjá lọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ilẹ̀ ti gbẹ wọnú. Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní í gbìn. Àmọ́ mi ò mọ̀."

Ntow dìde. Èyí tó dùn ti wà lẹ́nu rẹ̀: Ọlọ́run tó dá àkèré kò gbàgbé omi rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ìlú á hó, Mọ́ńdé á bá gbogbo wọn lóko. Ta ló sì ń gbé igbá òfìfo síwájú ọba? Tísà Boafo, katikíìsì ìjọ wọn, jókòó níwájú, ó ń mi orí sí i bí ẹni tó ti gbọ́ ọ. Ntow ronú kan àdúrà rẹ̀. Ó ronú kan ṣírí tó wà lókè ààrò Mansa. Ó gbé èyí tó dùn náà mì.

"Nana, Dókítà ní òun ò mọ̀. Ó ní ilẹ̀ ti gbẹ wọnú, pé tó bá jẹ́ tòun ni, òun ò ní í gbìn. Ó tún ní òun ò mọ̀."

Nana wò ó. "Ntow, ṣé iyọ̀ ti tán nílé rẹ ni?"

"Nana, tòní ò gba iyọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Tísà Boafo bá a lójú ọ̀nà. "Alàgbà, o sọ fún Ọlọ́run pé kó rọ̀jò. O tún sọ fún ìlú pé kí wọ́n má gbìn. Èwo lo gbà gbọ́?"

"Méjèèjì ni, Tísà. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí."

Tísà gbìn, ìdajì ìlú sì bá a gbìn, wọ́n ń kọrin ìyìn lórí ebè. Ìkùukùu kọjá. Èèrà kó èyí tó pọ̀ nínú irúgbìn náà, ooru pa ìyókù. Oṣù tí Ntow dá fún Ọlọ́run tán, ilẹ̀ ṣì ń là. Nílé rẹ̀, ekùrọ́ àti gbòǹgbò igbó ni wọ́n ń jẹ. Afriyie ọmọ wọn á máa sunkún ebi, Mansa á gbójú sókè ààrò, á tún gbé e sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ dídùn. Ká ní ẹ ti sọ ọ́ ni, à bá ti gbìn ín, ṣírí tí mò ń wò yìí ì bá ti kúrò lójú mi." Ntow ń gbàdúrà láàárọ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá Ọlọ́run dá ìgbà mọ́.

Òjò dé nígbà tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀. Nínú ìsìn ìdúpẹ́, Tísà wàásù pé àdúrà gbà. Ntow ṣe Àmín pẹ̀lú ìjọ, ó sì tinú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jókòó, ó ń rò ó bóyá àdúrà ló gbà ni, àbí àsìkò ló tó. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, Tísà wà lẹ́nu ọ̀nà Ntow pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀. Mansa kí i dáadáa, ó wá ní, "Tísà, ìgbàgbọ́ yín ò tíì hù ni?" Ntow ní kó dákẹ́. Ó já ṣírí náà sílẹ̀, ó pín in sí méjì níwájú àlejò, ó sì gbé èyí tó tóbi sínú igbá rẹ̀.

Ìyókù ni òun àti Mansa kó lọ sóko. Ilẹ̀ rọ̀, ó ń ta òórùn òjò tuntun. Ntow ju hóró sínú ihò àkọ́kọ́, ó ní, "Baba, ẹ ṣé," ó dúró díẹ̀ bóyá ohun mìíràn á tún wá sí i lẹ́nu. Kò sí. Mansa ní kó sún síwájú, oòrùn ń bọ̀.