Àdírẹ́sì Adéwùnmí

Festac ní Èkó ni wọ́n bí Adéwùnmí sí, ibẹ̀ náà ló ń gbé, ṣùgbọ́n Agbára ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kì í gbà pé Festac ń jẹ́ ilé. Àdírẹ́sì Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú wọn, ló ní kó kọ níbi iṣẹ́, ni gbogbo owó orí rẹ̀ bá ń lọ sí Ògùn. Nígbà tó wá ìwé ẹ̀rí owó orí lọ sí ọ́fíìsì owó orí Èkó ní Àmúwò, wọn ò rí orúkọ rẹ̀, ló bá sọ àdírẹ́sì tó kọ níbi iṣẹ́ fún wọn.

“Ìpínlẹ̀ téèyàn ń gbé ló ń gba owó orí, kì í ṣe ibi iṣẹ́,” obìnrin tó dá a lóhùn ṣàlàyé. “Àǹtí, ṣé ẹ ti sùn ní Ìjẹ̀bú-Igbó rí?”

“Ilé bàbá mi níbẹ̀ ò tíì ní òrùlé.”

Ó délé, ó ròyìn.

“Kọ Festac,” bàbá rẹ̀ ní. “Bí mo bá sì kú, ẹ má wulẹ̀ gbé mi lọ síbì kankan.”