Aró Mẹ́ta Lórí Bébà Kan

Bébà mẹ́ta péré ló kù nínú páálí. Mọ́nsúrù Àjàlá fọwọ́ kà wọ́n nínú òkùnkùn, ó tún wọn kà, àfi bí ẹni pé bébà lè bímọ. Mẹ́ta náà ni. Ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè pa nìyẹn, 1984. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ fótò aláwọ̀ ò sí l'Ábẹ́òkúta, kò sí lọ́jà l'Ékòó pàápàá; àwọn ilé ìtẹ-fótò ńlá nìkan ló kù sí lọ́wọ́, wọn kì í sì í tà á. Tí mẹ́ta yìí bá bàjẹ́, ó tán.

Kì í ṣe ọmọ àná nínú iṣẹ́ o. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń ya fótò dúdú-àti-funfun n'Ìbarà: ti àwọn akọ̀wé ìjọba, ti ìyàwó ọ̀ṣìngín, ti ọmọ ogójì ọjọ́. Kò sí ilé tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ò sí lára ògiri. Àmọ́ ayé ti yí. Ẹni tó bá ti fojú kan fótò aláwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọ dúdú-àti-funfun nìyẹn. Herbert Ògúndípẹ̀, oníṣẹ́ fótò tó wà lódìkejì títì, gbọ́n ní tiẹ̀: ó ń kó fíìmù lọ sÉkòó, wọ́n ń bá a tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mọ́nsúrù ní òun ò ní gbé iṣẹ́ òun fún ará Èkó. Ó ra ẹ̀rọ, ó kun ṣọ́ọ̀bù ní àwọ̀ ewé kó lè dá yàtọ̀, ó so iná gígùn funfun mọ́ òkè àjà. Ó wá lọ dúró láàárín àwọn aláró n'Ítòkú, ó la ẹnu gbàgà, ó ní, "Ohun tójú yín bá rí lára aṣọ, òun náà lẹ máa rí nínú fótò tèmi."

Ẹnu ẹ̀ ló kó o sí i.

Àlàájà Sàfúrátù, aláró Kẹ́mta, ló kọ́kọ́ mú un lọ́rọ̀. Ìyá yìí ní oníbàárà kan ní Kánò tó fẹ́ yan aró tó wù ú. Àpẹẹrẹ aṣọ tí ìyá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ò débẹ̀. Wọ́n ní ara ìyàwó ẹnìkan n'Ílọrin ló parí sí. Àlàájà ní kò burú, fótò lòun máa fi ránṣẹ́ báyìí, ẹnì kankan ò lè ró fótò.

Aṣọ mẹ́ta ni Mọ́nsúrù yà pa pọ̀. Àyìnrín ni àkọ́kọ́, èyí tó fúyẹ́ bí ojú ọ̀run. Èkejì ni aró tó wà láàárín. Ẹ̀kẹta ni ẹtù, aró tó jinlẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó di dúdú. Tí àárín àti ẹtù bá jọra nínú fótò, oníbàárà á mú èyí tí ò fẹ́, àwọn aláró á sì kó fíìmù wọn gba ọ̀dọ̀ Herbert lọ. Gbogbo Ìtòkú ló ń wò ó. Dìran tó ń wakọ̀ lọ Kánò sì ti ní tí wọ́n bá ti kírun alásàrí tán, òun ń ṣí.

Mọ́nsúrù tẹ bébà àkọ́kọ́. Ó fà á jáde nínú omi, ó gbé e sábẹ́ iná gígùn. Gbogbo ẹ̀ ló pọ́n rúsúrúsú bí ìyẹ́ àlùkò. Ó bú ẹ̀rọ, ó fún bébà náà pọ̀, ó sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀. Ó wọlé padà, ó yí fílítà tó ń darí àwọ̀ lára ẹ̀rọ, ó dín búlúù kù, ó tẹ ìkejì. Èyí dára nínú omi. Ó fi pín-ìn-nì há a sókùn níwájú fáànù, ó ń fọn ìfé.

Kó tó gbẹ tán, ìfé ti gbẹ lẹ́nu. Àyìnrín ti pọ́n bí omi ẹ̀lùbọ́, àárín àti ẹtù di ìbejì.

Herbert fara ti òpó ẹnu ọ̀nà. "Àjàlá, ṣé kí n bá ẹ gbé e d'Ékòó ni?"

"Herbert, ṣọ́ọ̀bù ẹ ń wá ẹ."

"Ṣọ́ọ̀bù tèmi ò níṣòro. Tìẹ ló ń sunkún."

Àlàájà, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, dìde, ó wo fótò tó gbẹ náà, ó wo ògiri, ó wo iná. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bébà tí Mọ́nsúrù fún pọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fọwọ́ pa á.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ó ti bàjẹ́."

"Ìgbà wo lo wò ó?"

"Bí mo ṣe fà á jáde nínú omi báyìí."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó burú ju èébú lọ. "Ní tútù? Mọ́nsúrù, aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, ewé ló ń jọ. Tá a bá wò ó ní tútù, a ó máa pariwo pé aró kú. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá gbẹ la tó ń bá a sọ̀rọ̀. Pa iná yẹn."

Ó pa á. Àlàájà ṣí fèrèsé tó kọjú sí ibi òjìji, kì í ṣe èyí tí oòrùn ń wọlé sí. Ó bọ́ ìborùn funfun tó wà léjìká ẹ̀, ó ní kí Mọ́nsúrù fi bo ògiri àwọ̀ ewé náà. "Ògiri yìí ń kun gbogbo nǹkan tó bá sún mọ́ ọn. Gbé e síbẹ̀."

Mọ́nsúrù gbé bébà tó ti hunjọ yẹn sára ìborùn, ó gbé aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àyìnrín jẹ́ àyìnrín. Ẹtù dá dúró lọ́tọ̀. Èyí tó tọ́ gan-an ló fún pọ̀, tí ojú ìhunjọ sì ti gba àárín aṣọ kọjá bí àpá ọ̀bẹ.

"Ó ku bébà mélòó?" ni Àlàájà bi í.

"Ẹyọ kan."

Herbert kúrò lára òpó, ó sọdá padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Mọ́nsúrù máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà fílítà sẹ́yìn bébà. Ó yí i padà. Nọ́ńbà méjì ṣì hàn. Ìhunjọ ti gé ẹ̀kẹta láàárín. Mẹ́ta ni àbí mẹ́jọ? Ó pa ojú dé, ó rántí bí ìka ẹ̀ ṣe yí bọ́tìnì láàárọ̀. Mẹ́ta ni. Ó wọnú yàrá òkùnkùn.

Bébà wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ìka ẹ̀ wà lórí bọ́tìnì, ọkàn ẹ̀ sì ń sọ fún un pé kó dín búlúù kù díẹ̀, díẹ̀ báyìí, nítorí àlùkò tó rí láàárọ̀. Lóòótọ́, ṣé aláró ló máa kọ́ òun ní fótò? Ó gbé ìka kúrò láìyí i, ó tẹ bébà náà.

Nígbà tó fà á jáde, àlùkò ló tún jáde.

"Ìyá, ẹ wá wò ó."

"Mi ò kì í wo tútù." Àlàájà kọ ẹ̀yìn sí i.

Ó há a sókùn. Fáànù ń fẹ́. Pèrèpèrè! Dìran ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. "Fótò, mò ń lọ o."

"Dìran, fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó o gbà láàárọ̀, ṣé o ti jẹ ẹ́ tán ni?"

Mọ́nsúrù ò wo bébà náà. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ń fi ahọ́n ka eyín ẹnu ara ẹ̀. Nígbà tí Àlàájà fọwọ́ kan etí bébà tó sì gbẹ, ìyá náà ò wò ó síbẹ̀. Ó pe awakọ̀ wọlé.

"Ojú tìẹ ò mọ aró," ó wí, "ìwọ lo dáa fún èyí." Ó pa àwọn aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra, ó gbé fótò sára ìborùn, ó na ìka sí aró àárín nínú fótò. "Èwo lèyí nínú wọn?"

Dìran fọwọ́ kan ẹtù. Dìran tún wo fótò, ó sún mọ́ fèrèsé, ó fi ẹtù sílẹ̀, ó mú àárín. "Èyí ni. Ìkejì yẹn dúdú jù ú lọ."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn lèyí tó dúdú náà. Àlàájà, ilé ìwé lẹ gbé mi wá ni?"

Ìgbà yẹn ni Àlàájà tó wá yíjú sí fótò. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ó fi lé Dìran lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ti ń yí táyà nígbà tí Mọ́nsúrù sáré dé ojú fèrèsé ẹ̀, ó ju páálí òfìfo síwájú awakọ̀. "Bá mi wo irú bébà yìí ní Kánò. Mú páálí yẹn dání kí wọ́n má fi òmíì tàn ẹ́."

Nígbà tó padà wọlé, Àlàájà ti ń gbé aṣọ rù. Mọ́nsúrù na ọwọ́ sí ìborùn lára ògiri kó bá a ká a.

"Fi sílẹ̀," ìyá náà wí. "Títí wàá fi kun ògiri ẹ."