Igbá Omi Mẹ́ta

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ló kọ́kọ́ pàdé wa lọ́nà Oko-Akarè láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó rí ilé kankan. Ọyẹ́ mú gan-an. Kùrukùru bo gbogbo oko, àwọn ọ̀pẹ tó wà níwájú wa kò ju òjìji lọ. A fi alùpùpù sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti há, a ń fẹsẹ̀ rìn láàárín àgbàdo gbígbẹ tó ń dún wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ń bá wa rìn. Èmi tó jẹ́ pé ẹnu mi kì í dákẹ́, o mọ̀ mí, mo kàn ń ka ìṣísẹ̀ mi.

Àwa mẹ́rin la jọ ń lọ: ọ̀gá tuntun, akọ̀wé rẹ̀, èmi, àti ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń gbé ẹ̀kọ́ yunifásítì tọ àwọn àgbẹ̀ lọ sí abúlé láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa bùró méjì tó ń bójú tó àwọn àgbẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan lábẹ́ ọ̀gá náà, wọ́n sì pè mí láti Àjàṣẹ́ kí n bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí abúlé wá ipò kálukú nínú ètò tuntun. Ọ̀gá ti ya ètò náà sínú ìwé, àpótí lórí àpótí, orúkọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀. Bí n kò bá rí iṣẹ́ kan pàtó kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ìdí nìyí tí a fi bá a wá sí ọ̀kan nínú àwọn abúlé tó ti ń ṣiṣẹ́.

Òun ti sọ ọ́ di àwàdà. "Àbúrò, àkúdàáyà ni mí ní bùró yìí," ló máa ń wí. "Mo ti kú, ẹ kàn ṣì ń rí mi ni." Ìwọ náà kúkú mọ àkúdàáyà: ẹni tó kú síbì kan, tí wọ́n tún ń rí i níbòmíràn, tó ń ṣòwò, tó ń jẹun, títí ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ kan bá dá a mọ̀, tí yóò sì pòórá. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yẹn, ẹ̀yìn pátápátá ló ń rìn, n kò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Bí a ti yọ sí agboolé tí a ń lọ, ajá pupa kan sáré jáde. Ó gbó mọ́ ọ̀gá, ó gbó mọ́ akọ̀wé, ó gbó mọ́ mi. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ó dákẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ìyá àgbà tó ni agboolé náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, etí ló fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa, ó ké sínú ilé pé: "Àlejò mẹ́ta dé o! Ẹ bu omi wá."

Orí mi wú. Mo wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́bàá ògiri, eruku ọyẹ́ ti sọ òun àti aṣọ rẹ̀ di funfun. Ọmọbìnrin ìyá àgbà náà, tó ti lé ní ogójì ọdún, gbé àga mẹ́ta jáde àti igbá omi mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀ fún ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ fún akọ̀wé, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó sì padà wọlé. Ẹ̀gbọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ìyá kọjá wọ inú òkùnkùn ilé lọ. Ìyá kò yí orí. Nígbà tí mo tún wò, n kò rí i mọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo gbé igbá sílẹ̀.

"Ìyá, àwa mẹ́rin la wá," mo wí.

Ó kọjú sí mi. "Ẹni mẹ́rin ni mo gbọ́. Àlejò ni mo kà. Ta ní í bu omi fún ọmọ ilé? Ó mọ ibi tí ìkòkò wà." Ó na etí sí wa. "Ẹ̀yin mẹ́ta ni n kò mọ̀. Kí lẹ wá ṣe?"

Mo mọ àṣà yẹn láti ilé ìyá mi ní Kpoulou, ẹ̀rù ló mú kí n gbàgbé rẹ̀. Ọ̀gá ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé. Akọ̀wé ń wo ilẹ̀. Èmi tí wọ́n pè láti wá iṣẹ́ ẹlòmíràn, n kò lè sọ tèmi. Kùrukùru wọ agboolé títí ó fi bo ẹsẹ̀ wa, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé àwa mẹ́ta gan-an ni a kò sí níbẹ̀.

Nínú ilé, ọmọrí ìkòkò dún. Ẹ̀gbọ́n jáde, omi ṣì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ìyá. "Àlejò mi ni wọ́n, ìyá," ó wí. "Èmi ni mo mú wọn wá kí wọ́n lè mọ̀ yín." Ìgbà yẹn ni ìyá tó rẹ́rìn-ín, tí àwọn ará ilé jáde wá kí wa, tí ajá náà sì lọ dùbúlẹ̀.

Ohun tó sọ yẹn náà ni mo kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀: òun ni yóò máa mú òṣìṣẹ́ èyíkéyìí mọ ará abúlé, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ọ̀gá fọwọ́ sí i kí a tó kúrò ní Oko-Akarè. Wọ́n ní bí wọ́n bá dá àkúdàáyà mọ̀, á pòórá. Ọjọ́ tí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mọ̀ ló padà sáàárín wa. Ṣùgbọ́n èmi, títí dòní, bí mo bá gbé ìwé mi dé bùró kan, tí wọ́n sáré gbé àga tó dára fún mi, tí wọ́n kúnlẹ̀ gbé omi tútù wá, ara mi máa ń bù máṣọ. Mo máa ń mu omi náà díẹ̀díẹ̀, mo sì máa ń wá ẹni tí wọn kò gbé omi fún.